Ìwé Tí A Kò Rà fún Shamsudeen

                                                  Ilé Àáfà Yẹ̀kínì,
                                                  Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                                  Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Jemimah, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara Mọ́mì le, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Jonathan àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tíṣà kò tíì mú un rù ju bó ṣe wà lọ? Mo rí fọ́tò rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn. Gbogbo ilé wa ní kí n kí ọ. Mi ò lè sọ pé a wà dáadáa, a kàn wà láàyè ni, a sì ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yín máa lọ sí Kẹ́ńyà lóṣù Kejìlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé ẹ ti yọ ìwé adójútòfò ìrìnàjò kúrò nínú ohun tí ẹ máa rà, pé ara yín le, pé pásítọ̀ yóò sì gbàdúrà fún yín kí ẹ tó lọ, mi ò lè ka ìyókù mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, tí mi ò tíì lè kọ sí ẹnikẹ́ni, ni mo fẹ́ kọ sí ọ. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á.

O mọ Shamsudeen àbúrò mi, ẹni tí o máa ń pè ní Àáfà Kékeré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Kuta àti Olúpọ̀nnà, ọ̀kadà rẹ̀ kì í sinmi. Lóṣù Kẹfà ló rí àyè láti lọ kọ́ èdè Lárúbáwá sí i ní Íjíbítì fún oṣù mẹ́ta. Inú wa dùn débi pé a ò mọ ibi tí a máa gbé ìdùnnú sí. Bàbá wa pe àwọn àáfà ẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n ka Kùránì parí, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n gbàdúrà ìrìnàjò fún un láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ti Ilé-Ogbó wá gba irú àdúrà yẹn lọ́dọ̀ wọn.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ bá Fọládé, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìnàjò, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sì ń bá a kọ fọ́ọ̀mù. Fọládé ní kí a ra adójútòfò. Ó ṣàlàyé pé bí àìsàn tàbí jàǹbá bá bá èèyàn lókè òkun, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni yóò dá ilé ìwòsàn lóhùn, tí yóò san owó wọn, tí yóò sì ṣètò bí aláìsàn ṣe máa délé. Shamsu wò mí. Ó fẹ́ rà á, Jemimah, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní bí Bàbá bá gbọ́ pé lẹ́yìn gbogbo àdúrà wọn, a tún lọ ra ìwé jàǹbá, wọ́n á rò pé a fojú tẹ́ńbẹ́lú àdúrà náà. Mo fa igi lé e lórí fọ́ọ̀mù. Bí a ṣe ń jáde, Shamsu yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ó ra awọ tó nípọn fún fóònù rẹ̀, ó ní kí wọ́n lẹ gíláàsì mọ́ ọn lójú kó má baà fọ́ lọ́nà. Fóònù ní ààbò, ẹni tó ni ín kò ní.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tó débẹ̀, mọ́tò kan gbá a bó ṣe ń sọdá títì lọ kírun Àlàásárì. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n fọ egbò rẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ní kí ẹni tó máa dúró fún un yọjú kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ta ni yóò yọjú? Ìwó ni gbogbo wa wà. Bàbá ta ilẹ̀ wọn tó wà lọ́nà Kuta, àwọn ará àdúgbò náà dá sí i, àmọ́ kí owó wa tó dé ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀, báńkì ń dá wa padà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó dé. Egbò ti kẹ̀ kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún.

Ọmọ Tansáníà kan wà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ọmọ ọdún méjìlélógún. Inú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lóṣù yẹn kan náà, ó sì di pé wọ́n gbọ́dọ̀ la ikùn rẹ̀. Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé adójútòfò rẹ̀, wọ́n wá gbé e, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti padà sí kíláàsì. Àwa ọ̀dọ́ rò pé àwọn àgbà nìkan ni àìsàn mọ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́tò kì í béèrè ọjọ́ orí kó tó gbá èèyàn.

Shamsu ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò lè wọ bàálù láìsí nọ́ọ̀sì tó máa tẹ̀ lé e, agbára wa kò sì ká a mọ́. Ó ní orí àga lòun ti ń kírun. Ìyá wa kì í jẹun kánú mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, bí wọ́n bá ti gbúròó ọ̀kadà, wọ́n á yíjú síbẹ̀. Ó sú mi, ọ̀rẹ́ mi. Ayé sú mi.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Fọládé wá kí wa, ló bá ṣèèṣì sọ ọ́ níwájú Bàbá pé òun fi adójútòfò lọ̀ wá, a ò gbà. Nígbà tó lọ tán, Bàbá yíjú sí wa. Wọ́n wá ní, “Ta ló ní kí ẹ má rà á? Nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, olórí ikọ̀ wa ra irú ìwé yẹn fún gbogbo wa, ọrùn ni mo fi kọ́ títí mo fi délé. Mo gbàdúrà fún ọmọ mi, mi ò ní kó sùn kó má ti ilẹ̀kùn.” Jemimah, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí nínú wa. Èmi ni mo dá a rò, tí mo fi ọ̀wọ̀ Bàbá dí ọ̀nà mọ́ àbúrò mi. Mi ò sì jẹ́wọ́ fún wọn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ kí ẹ ra ìwé náà. Ka gbogbo inú rẹ̀, kí o mọ ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà, kí o sì fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ fún Jonathan. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, kí ẹ sì ṣe àmín dáadáa, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bá mi kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, kí o sì bá mi kí Jonathan àti Àdúrà àbúrò rẹ.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi kọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Fọládé wá, Bàbá fúnra wọn pe Shamsu, wọ́n bi í léèrè. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni, Bàbá. Àǹtí bẹ̀ mí títí kí n rà á, èmi ni mo kọ̀.” Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa ń pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn kì í gbé e. Àmọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run san án fún mi, pé mo gba àbúrò mi nímọ̀ràn rere, kò gbọ́ ni. Láàárọ̀ òní náà, wọ́n ṣe é. Mo sì ṣe àmín.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                                  Zakiyyah.