Wọ́n Ṣì Ń Lu Muslimah Nínú Fóònù

Abà Ṣàràfá,
Lẹ́bàá Ìfọ̀.

Kaosarah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí yóò máa bá mi ṣọ́ yín ní Èkó tí ẹ wà yẹn. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn ún, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, àgbàdo wa ò sì ṣe dáadáa lọ́dún yìí.

Ọmọ mi, inú mi bàjẹ́. Muslimah àbúrò rẹ, tó ń ṣe tíṣà ní Ìbàfò, ti padà wálé. O ti gbọ́ pé wọ́n lù ú. Ó mú ọmọkùnrin kan tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò, ó ní kó kúnlẹ̀. Ọmọ náà pe ilé, bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já wọ kíláàsì, wọ́n fi bẹ́líìtì na tíṣà níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Nígbà tiwa, tí a bá mú ọmọ lọ fún tíṣà, a máa ń sọ pé ẹran ni tiyín, eegun ni tiwa. Ayé mà ti dorí kodò o.

Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ ẹní, mo ní kí bàbá rẹ wọ agbádá, nítorí ẹni tó bá ṣe irú èyí á kó àgbà ẹbí lẹ́yìn wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ jókòó sínú agbádá títí ó fi sùn lọ. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Èyí tó burú jù ni pé wọn kò tíì dáwọ́ dúró. Ẹnìkan ti ká bí wọ́n ṣe ń lù ú sínú fóònù, gbogbo Mówè àti Ìbàfò ló sì ní in lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún lù ú nìyẹn. Lukman tó ń tún fóònù ṣe ní Ìfọ̀ ní àwòrán lásán ni. Irọ́ ló ń pa. Ìṣojú mi ni Ìbíwùnmí aládùúgbò wa ti tẹ̀ ẹ́ níta, Muslimah tó wà nínú yàrá sì fi ọwọ́ bo orí. Ṣé àwòrán máa ń dun ènìyàn ni? Bá mi bẹ àwọn ará Èkó kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ara ọmọ náà ò tíì yá.

Lukman ṣàánú mi, ó ní òun lè dà á sẹ́yìn. Kaosarah, ó dà á! Bẹ́líìtì ń kúrò lára Muslimah, ó dìde nílẹ̀, híjáàbù rẹ̀ fò padà sórí, àwọn ẹni ibi yẹn sì ń fẹ̀yìn rìn jáde. Mo sáré gbé fóònù náà lọ bá Muslimah pé ó ti tán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n wá síwájú, bí wọ́n padà sẹ́yìn, kí n wò ó dáadáa, kò sí ẹnìkan tó dìde gba òun. Mo wò ó lóòótọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n gbé fóònù sókè. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ Muslimah ní òun ò ṣe tíṣà mọ́ láéláé.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra òògùn tí Muslimah máa fi pa ẹ̀yìn, kí Lukman sì bá mi da ti gbogbo Mówè sẹ́yìn. Ó ní kò ṣeé ṣe, àmọ́ owó ló ń wá. Má fi sí báǹkì o, wọ́n ya àwòrán ojú mi níbẹ̀ lọ́jọ́sí, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ lu èmi náà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀, á jẹ́ kó jẹ́ láàárín àwọn tí kò mú fóònù lọ́wọ́ ni, kí wọ́n lè rí ọwọ́ nà sí ọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Kúlúsúmù.