Ọkọ Mi Ló Ń Ba Odò Tí Bàbá Mi Ti Ń Pẹja Jẹ́

Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ pa mí.

Dàda Estate ní Òṣogbo níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, oyún mi ti wọ oṣù keje. Abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà ni bàbá mi wà, apẹja ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n rò pé ọkọ mi ń wa típà ni... kì í ṣe típà o. Òun àti àwọn kan ló ń fọ góòlù lápá òkè odò tí bàbá mi ti ń pẹja, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, inú odò náà ni wọ́n ń dà á sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ní n ò gbọdọ̀ sọ síta.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi pè mí, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àrọ̀ tó máa ń sá wọ abẹ́ òkúta tó bá ti rí òjìji èèyàn, kò sá mọ́. Epìyà ń pòòyì lójú kan bí ọ̀mùtí, òmíràn ń fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀, ọwọ́ lásán làwọn fi ń mú un. "Ọmọ mi, Ọlọ́run rántí ogbó mi!" Ha! Kẹ́míkà ọkọ mi ni! Ẹkún ni mo sun.

Mo bẹ ọkọ mi kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní tóun bá kúrò, ẹlòmíràn á gba ipò òun kílẹ̀ tó ṣú. Kò sì parọ́... ìyẹn ló dùn mí jù.

Bàbá mi ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi torí oyún. Mò ń dà á nù, màá wá pè wọ́n pé ó dùn. Mò ń ṣọ́ ọmọ inú mi, bàbá àti ìyá tó bí mi sì ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún! Mo gbìyànjú, mo ní, "Bàbá, májèlé wà nínú omi yẹn." Wọ́n ní, "Ta ló dà á síbẹ̀?" Mo ní n ò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí.

Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, wọn ò lè di àwọ̀n mọ́. Ní ọsibítù, dókítà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní ẹja odò àwọn ni, lójoojúmọ́, tayọ̀tayọ̀. Ọkọ mi ló gbé wa lọ. Ó wo ilẹ̀, èmi náà wo ilẹ̀. Dókítà fún wọn lóògùn, bàbá mi sì padà sídìí odò.

Tí mo bá tú àṣírí, wọ́n á mú bàbá ọmọ mi, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀, omi odò náà ò sì ní mọ́ síbẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, bàbá tèmi ń lọ nìyẹn... Ẹ̀yin tí ẹ lóbìí, ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ, ta ni kí n mú nínú àwọn méjèèjì?