Ayálégbé Tó Wọn Ipa Ẹsẹ̀ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo àdúgbò wa ní Ìlíṣàn ló ń gbọ́ yín.

Ayálégbé mi kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Jùwọ́n, ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa bí èèyàn ṣe ń rìn. Ó fẹ́ ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì lọ gba dìgírì. Ó da iyanrìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n rìn lórí ẹ̀, ó wọn ipa ẹsẹ̀ mi, ó wá gbá iyanrìn náà sínú ọ̀rá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun táwọn ìkà ń fi irú ẹ̀ ṣe!

Lánàá ni yunifásítì gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹsẹ̀ òsì yín ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó." Ẹsẹ̀ tí kò dùn mí rí! Mo ní kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò nílé mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo yí sálúbàtà mi wò. Ti òsì ti jẹ níwájú, ti ọ̀tún wà digbí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wọ̀ ọ́, Jùwọ́n ò sì tíì lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé ọmọ yìí ni kí n ṣì máa fura sí, àbí ẹsẹ̀ ara mi?