Ìbora Tó Ń Yí Sí Òsì

Ẹ̀yìn Ọjà Owódé,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ìrètíọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ara ńkọ́? Òtútù Jos ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ikọ́ má sì bá àwọn ọmọ fínra nínú ọyẹ́ yìí. Ní tèmi, ara ń mókun díẹ̀díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí dẹ́rù bà ọ́. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi wà lórí rẹ̀. Ọmọ́bọ́láńlé ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ yìí ti kọlù mí, ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu mi mọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ẹkún nìkan ni wàá gbọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún mi kò padà bọ̀ sípò. Ó kàn wà lórí itan mi báyìí bí ọmọ tó sùn lọ. Èmi Susannah télọ̀, tí wọ́n ń wá láti Ẹ̀rìn-Ilé àti Ìlemọ̀nà torí pé mo mọ aṣọ rán! Ó mà ṣe o. Ní oṣù Kẹjọ, nọ́ọ̀sì tó ń bá mi na apá sọ pé kí n wá iṣẹ́ kékeré fún ọwọ́ òsì, kí n yé jókòó máa wo ògiri. Mo bá ní kí Ọmọ́bọ́láńlé gbé báàgì àgékù aṣọ wá, pẹ̀lú àwọn bátànì tí Mummy Caroline fún wa nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bí a ṣe ń fi àgékù rán ìbora alálẹ̀pọ̀. O máa rántí wọn, ìyàwó olùkọ́ Poly ìjọ́sí, tí wọ́n máa ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i. Wọ́n ti padà sí Iléṣà wọn, ó ti pẹ́.

Ìrètí, ojú mi rí nǹkan. Mo tẹ́ pépà bátànì sórí aṣọ, mo fi ọwọ́ òsì mú sísọ́ọ̀sì, mi ò rí ìlà tí mo fẹ́ gé. Irin sísọ́ọ̀sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, gbogbo ohun tí mo gé wọ́. Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni mo tú báàgì dé ìsàlẹ̀, mo sì rí àwọn bátànì tìrẹ, èyí tí o fi páálí bisikí gé. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni o fi báírò kọ ọ́ sí pé, “Dojú mi bolẹ̀ kí o tó gé mi o!” Mo dojú wọn bolẹ̀. Ìlà bọ́ síbi tí mo ti lè rí i, sísọ́ọ̀sì sì ń lọ geere. Ìgbà náà ló tó yé mi. Kì í ṣe àṣìṣe lo ṣe nígbà yẹn. O mọ ohun tí ò ń ṣe, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lo mọ̀. Inú irú ọyẹ́ báyìí náà ni, nígbà tí bàbá rẹ wà lórí ibùsùn. Oṣù méjì lo fi ń rán ìbora fún wọn. O gé ṣẹ́ẹ̀tì wọn àtijọ́, o gé kákí tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Poly, o sì gé ìró kàm̀pálà tí mo ró lọ ṣe ìdúpẹ́ nígbà tí mo bí ọ. Bátànì onífáànù ti Mummy Caroline lo tẹ̀ lé, abẹ fáànù mẹ́rin mẹ́rin tó ń lé ara wọn kiri. Ṣùgbọ́n ti Mummy Caroline ń yí sí ọ̀tún, tìrẹ sì ń yí sí òsì, gbogbo rẹ̀ pátá, torí pé o dojú bátànì bolẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn lo gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. O ti ká a dáadáa, o sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo ti ń bá ọwọ́ òsì rẹ jà láti kékeré. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọ̀já dì í mọ́ ọ lára, mo nà án. Bí mo ṣe wá rí ìbora yẹn, ẹ̀rù bà mí. Aṣọ tó ń yí sí òsì, lórí aláìsàn! Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ bí wọ́n bá wá gbàdúrà? Mo mú bíléèdì, mo ní mo fẹ́ tún un ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọmọ́bọ́láńlé wà lára wọn. O bi mí pé, “Mummy, kí ló dé?” Mo ní bàbá rẹ ló ní kí n tú u, pé wọ́n ní àwọn ò lè da aṣọ ọlọ́wọ́ òsì bora.

Irọ́ ni, Ìrètí. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Bàbá rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fojú kan aṣọ náà. Bí o ṣe ń wò mí ni mi ò lè fara dà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti lè dárúkọ bàbá rẹ, o ò ní jiyàn.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣì ń tú u lórí itan mi. Wọ́n lajú, wọ́n ní, “Àbẹ̀ní, ìbora tí Ìrètí ń rán dà? Òtútù ń mú mi.” Mo ní o ò tíì rán an tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “Sọ fún un kó má kánjú. Mo máa dúró dè é.” Mi ò jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún ọ. Ní àárọ̀ Túsìdé, wọ́n lọ.

Ọdún kọkànlélógún rèé. O ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́, o sì lọ kàwé sí Jos, o fẹ́ ọkọ síbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn, o wá, o wẹ̀ mí, o fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ilé Ọmọ́bọ́láńlé lo lọ sùn. Mo mọ ìdí rẹ̀.

Mi ò lè da àwọn àgékù yẹn nù. Inú ọ̀rá ni wọ́n wà láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo kó wọn síta, mo rí i pé ihò abẹ́rẹ́ rẹ ṣì wà lára wọn wínníwínní. Mo fi ọwọ́ òsì tẹ̀ lé ihò yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ gbà ni tèmi náà gbà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán an. Ọmọ́bọ́láńlé ló ń bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ ní Jos lọ́sẹ̀ yìí, òun ló máa gbé e wá fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo fáànù rẹ̀ ló ń yí sí òsì bí o ṣe rán an. Ó dára, Ìrètí. Ó dára gan-an ni.

O sọ fún mi lórí fóònù ní ọjọ́ Kérésì pé ọwọ́ òsì ni Tómilọ́lá fi ń kọ̀wé. O sáré sọ ọ́, bí ẹni tó ń retí kí n bú u. Jọ̀ọ́, má gba nǹkan kan lọ́wọ́ òsì ọmọ yẹn.

Mi ò ní kí o sáré dárí jì mí. Bàbá rẹ ní àwọn máa dúró, wọn ò lè dúró. Èmi náà ò mọ̀ bóyá màá lè dúró. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé wọ́n béèrè aṣọ rẹ, pé wọ́n fẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ méjèèjì, tọ̀tún tòsì. Ohun tí mo fọwọ́ mi bà jẹ́ fún ọ, kó bá mi tún un ṣe. Àwọn ọmọ rẹ ò ní fi ọ́ sunkún o.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Susannah Àbẹ̀ní Adétóyè.

Mo tún rántí: fáànù kan wà ní igun ìsàlẹ̀, ti kákí bàbá rẹ, tó ń yí sí ọ̀tún. Ihò rẹ̀ ti dí, mi ò rí i tẹ̀ lé, ìgbà tí mo sì rán an tán ni mo tó rí i pé mo ti ṣì í rán. Ọmọ́bọ́láńlé ti mú bíléèdì, ó ní ká tú ìyẹn nìkan. Mo gba bíléèdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mi ò tún ní tú nǹkan kan lára aṣọ yìí mọ́ láyé mi.