Olè Tó Fi Ohùn Rẹ Pè Mí Nínú Òjò

Okju ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òjò, bí òjò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ní Seoul. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ìlú ńlá tó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa kò ní gbé ọ mì. Àwọn bàbá ńlá wa tí à ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún lọ́dọọdún yóò máa ṣọ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ, ẹni tó bá fẹ́ tì ọ́ ṣubú, òun ni yóò fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá. Àwa méjèèjì wà láàyè.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí òpó fóònù ti wó lulẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ wó, mi ò gba fóònù gbọ́ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé ilé ìwé kò rí mi fún ìgbà pípẹ́, ara páálí ẹja ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ èmi náà ni mo ra ọkọ̀ ojú omi ara mi, tí mo kọ́ ilé tí a bí ọ sí, tí mo sì rán ọ dé yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ irú mi jẹ, kó tètè jí.

Lọ́jọ́ tí ìjì náà ń bọ̀, òkun dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, òjò ò kán mọ́, ńṣe ló ń wọ́. Olórí abúlé wa, Ma Deokbae, gbé ẹnu sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kó ọkọ̀ wá sẹ́yìn odi èbúté ká so wọ́n pọ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, táyà àlòkù láàárín, kí ìgbì lè bá gbogbo wa pọ̀ bí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n o tún mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá wà létí ìta ló ń jẹ ìyà fún gbogbo ìyókù. Mo bi Deokbae pé ta ni yóò wà níbẹ̀. Ó ní bàbá Okju, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yín wá ná, ẹ lè wá bínú lẹ́yìn náà. Ṣé o gbọ́ ìdáhùn? Láti ọjọ́ tí mo ti bá ọkùnrin yẹn du ipò olórí abúlé ni mo ti mọ̀ pé ó ń wá ọ̀nà mi. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sábẹ́ igi páìnì, mo so ó mọ́ irin tí èmi fúnra mi rì sínú sìmẹ́ńtì. Irin mi, sìmẹ́ńtì mi, okùn mi.

Bí mo ṣe wọlé báyìí ni fóònù tí o rà fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa. Okju, mo ti pa ohùn fóònù yẹn láti ìgbà ọdún. Ta ló wá tàn án? Mo wo ojú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò Dolmeori sá lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé àtijọ́ lórí òkè, kíákíá, pé ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lulẹ̀. Mo rántí ohun tí o sọ nígbà tí o wálé ọdún, o jókòó tì mí, ò ń bó ọsàn, o ní Bàbá, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wọlé sórí fóònù tó bá ti ń lé yín léré, ọ̀rọ̀ olè ni. Báwo ni olè ṣe wá mọ orúkọ odò wa? Mo fura sí ọmọbìnrin báńkì yẹn, ẹni tó ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láìmọ̀ mí rí. Wọ́n fẹ́ ká jáde kí wọ́n lè kó ẹja gbígbẹ mi àti tẹlifísọ̀n. Mo ri fóònù náà sínú ìkòkò ìrẹsì. Ó tún ń ké níbẹ̀, àfi bíi pé ìrẹsì ló ń sunkún.

Mo tan tẹlifísọ̀n kí n lè mọ òtítọ́. Obìnrin kan ń fọwọ́ pa àwòrán etíkun wa, ó ní òjò ńlá wà níbẹ̀. Aṣọ rẹ̀ gbẹ, bàtà rẹ̀ gbẹ. Ẹlẹ́rìí tí kò tutù, ẹ̀rí òjò wo ló fẹ́ jẹ́? Mo pa á.

Ìgbà náà ni fóònù olókùn ara ògiri dún. Obìnrin kan ni, ó ń sunkún. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Màmá, ẹ máa lọ sórí òkè. Okju, ohùn rẹ ni, kò yẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ pé wọ́n ti ń jí ohùn èèyàn báyìí, pé kí n bi wọ́n ní ohun tí ọmọ mi nìkan mọ̀. Mo ní ó dáa, bí ìwọ bá ni Okju, kí ni mo rà fún ọ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ lọ sílé ìwé? Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé èmi ni mo ra bàtà pupa yẹn, kò sí ibi tí a ti ń mu ọtí tí mi ò tíì sọ ọ́. Olè náà ní Bàbá, ẹ ò ra nǹkan kan, ojú òkun lẹ wà, Màmá ló ta ewé òkun fi ra bàtà pupa fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní olè ọ̀lẹ, o mọ àwọ̀ bàtà, o ò mọ ẹni tó rà á. Mo ní kó lọ tan bàbá tó bí i jẹ. Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Nígbà tí mo fi yíjú, ìyá rẹ ti ń di ẹrù. Mo ní kí ló ń ṣe é. Ó ní bàbá Okju, ọmọ mi ló pè. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun mọ ẹni tó ra bàtà. Ó gbé ìkòkò ata mọ́ àyà, ó kọjú sí òjò.

Má rò pé mo gbọ́ràn sí olè lẹ́nu o. Nítorí orúnkún ìyá rẹ ni mo ṣe tẹ̀ lé e, àti nítorí ìkòkò ata tí ìyá mi fi sílẹ̀. Mo mú ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ẹja dání fún ẹni tó bá lúgọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi àgádágodo ńlá sí i, mo fà á wò. Lójú ọ̀nà, mi ò rí olè kankan, àwọn ará abúlé ló ń gòkè, kálukú pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Ìyá rẹ dúró bá Deokbae sọ̀rọ̀ sí etí. Mo rí i o, mo rí i.

A jókòó sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn, à ń mu ọbẹ̀ gbígbóná, ni a gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí akọ màlúù bá mí kanlẹ̀. Ilẹ̀ mì. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti darúgbó.

Nígbà tí òjò dá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ilé. Olè kankan ò wọlé. Àgádágodo mi ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì dúró gbọn-in. Òkè nìkan ló wọlé, ẹ̀yìn ló gbà. Òkúta kan tó tó màlúù wà lórí ẹní wa, ibi tí mo máa ń gbé orí lé gan-an ló gbé orí lé.

Mo wá rántí ọkọ̀. Irin mi ti bá òkun lọ, òun àti sìmẹ́ńtì rẹ̀ àti igi páìnì. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ọkọ̀ mi lẹ́yìn odi, láàárín gbùngbùn àwọn yòókù, táyà lọ́tùn-ún, táyà lósì, kò tilẹ̀ họ. Ọkọ̀ Deokbae ló wà létí ìta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́ bí èèpo ẹyin. Mo bi í pé ta ló ní kó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi. Ó ní ìyá Okju ló bẹ òun. Mo ní kí ló dé tó fi gbé tirẹ̀ sétí ìta. Ó ní bàbá Okju, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo fura sí i gan-an, nítorí ìbò olórí abúlé ń bọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá a kan pákó sí ọkọ̀ rẹ̀, kí n lè máa ṣọ́ ọ nítòsí.

Inú gbọ̀ngàn la ṣì ń sùn. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, wá díẹ̀ fún wa fi ra pánù òrùlé àti bàtà rọ́bà fún mi. Má fi sí báńkì, ẹlẹ́rìn-ín yẹn ṣì wà níbẹ̀. Gbé e wá fúnra rẹ, kí ìyá rẹ lè rí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ló ra bàtà pupa náà. Mo ti kọ ọ́.

Omi kò ní gbé ọ lọ, iná kò ní jó ọ, ohùn tí o fi ń pe ilé kò ní gbẹ. Mo ti wá ìkòkò ìrẹsì kàn nínú ẹrẹ̀, mo yọ fóònù náà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí wọ́n bá ti gbé òpó dìde, bí olè yẹn bá tún fẹ́ pè, kó pè. Mi ò ní bi í ní nǹkan kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Pyo Gilman, ọlọ́kọ̀.