Àdúrà Ìsàlẹ̀ Íméèlì

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025

Wọ́n ti fi Gògóńgò ṣe ọ̀gá mi.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ta aṣọ òkè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà tí ọ́fíìsì ṣì wà nínú pálọ̀ wọn ní Àpáta. A ti dé Bódìjà báyìí, Mánsúrù tí mo sọ ní Gògóńgò yìí kò sì tíì lo ọdún kan. Èmi ni mo gbọ́ Faransé, èmi tí bàbá mi ṣòwò ní Lomé títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá níbẹ̀. Òun, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló ní, pẹ̀lú gògóńgò tó ń lọ sókè sódò bó bá ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ òun ni olórí oníbàárà òkèèrè. Àǹtí ní ó ní sùúrù. Sùúrù! Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn tà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tuntun gbé fún mi: kí n túmọ̀ ojú ìwé ìsanwó sí Faransé látòkè délẹ̀. "Ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀." "Àdírẹ́sì yín." Ó tún ní kí n fi àpótí kan kún un tí oníbàárà á máa kọ ọ̀rọ̀ sí, kí wọ́n lè júwe ilé fún wa — ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ béèrè ilé bàbá onítáyà. Ará Paris ni yóò júwe ilé bàbá onítáyà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ààwẹ̀ ló ń gbà. Mo gbé dòdò àti ẹyin sórí tábìlì, mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Àdúrà ló kù! Gbogbo íméèlì tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá sanwó, ó fẹ́ kí àdúrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ra aṣọ tuntun. "Ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó. Ẹ ó tún ra òmíràn láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run." Kí orúkọ rẹ̀ wá tẹ̀lé e: Mánsúrù.

Mo ní àwọn Faransé kì í ṣàdúrà sí aṣọ. Ó ní, ta ni yóò kọ àdúrà? Mo túmọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí ojú lè tì í.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Ojú ò tì í. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀. Obìnrin kan ní Lyon kọ̀wé pé òun ti tẹ àdúrà náà jáde, òun sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Àárín orin ni Àǹtí ti sọ ọ́ sí mi létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. N ò lè kọ orin yẹn parí.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Ọjà kan wọlé láti Lomé láàárọ̀. Aṣọ òkè funfun ńlá, irú èyí tó ń bo èèyàn látorí dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú àpótí Gògóńgò, ní Faransé:

"Aṣọ yìí ni a ó fi sin ọmọbìnrin mi. Mọ́tò ló kọlu òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àbúrò ṣì wà ní ọsibítù, kò tíì lajú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá ìyá mi, funfun yìí la fi sin àwọn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára. Madame Afi."

Èmi nìkan ni mo lè kà á. Ọ̀sán ni íméèlì máa ń jáde. Bọ́tìnnì kan péré ni kí n tẹ̀, á dúró. Mo wo bọ́tìnnì. Mo wo Gògóńgò tó ń tòògbé lórí àga tó yẹ kó jẹ́ tèmi.

Mo di aṣọ náà, mo fi ránṣẹ́ ná. Èmi kì í ṣe ẹranko. Lẹ́yìn náà mo mú pọ́ọ̀sì mi, mo lọ jẹun. Mo ní kí wọ́n fi ẹran kún un.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Madame Afi ti fèsì. Ìlà kan ṣoṣo: "Ẹ ń gbàdúrà kí n tún ra òmíràn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sókè fún Àǹtí, tòun ti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, n ò fo ìkankan. Mo rọra kà á. Àǹtí káwọ́ lérí. Gògóńgò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ikun bo irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní tíṣù.

Inú mi dùn. Ta ni n ó purọ́ fún níbí?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kó tó lọ, ó bẹ̀ mí kí n bá òun pe obìnrin náà, kí n máa túmọ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ló bá fi fóònù ara rẹ̀ pè é. Kò gbọ́ Faransé kankan. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́" — ohun tó ń wí ṣáá nìyẹn, títí káàdì fi tán. Mo ń gbọ́ ẹkún obìnrin náà níbi tí mo jókòó sí.

Lẹ́nu ọ̀nà ó bi mí bóyá mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn kí íméèlì tó lọ. Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́."

Òmùgọ̀. Ó ṣì ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Àga ti di tèmi. Ó tutù, ó rọ̀. Àǹtí ò jẹ́ kí n yọ àdúrà náà. Wọ́n ní ó ń mú oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú àpótí kí íméèlì tó jáde. Mo yọ orúkọ Mánsúrù, mo fi tèmi sí i: Ẹnìtàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Ọ̀rọ̀ inú àpótí ò lópin. Ajá wà ní géètì. Ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀lì, ọmọ ń sùn. Ó sú mi. Mo ti ṣètò ẹ̀rọ kó máa fi íméèlì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ — Àǹtí ò lè mọ̀. Mo lọ dirun ní Challenge.

Ọjọ́rú, 26 Ẹrẹ́nà

Mo rí Mánsúrù ní Agbowó, ó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Mo ṣe bí ẹni ń pe fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Ọjà kan wọlé láti Lomé. Aṣọ òkè funfun ńlá. Madame Afi.

"Ti àbúrò rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó sọ pẹ̀lẹ́ fún mi ni kó dá mi lóhùn."

Mo sáré tẹ bọ́tìnnì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó kù láti dá dúró. N ò rí ẹni tí mo lè pè. Mo ń wo íméèlì rẹ̀ láàárín àwọn tó ti jáde, Faransé tó mọ́ tónítóní, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́:

Ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó. Ẹ ó tún ra òmíràn láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run.

Ẹnìtàn.