Ohùn Inú Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Ọmọ́bọ́lá

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025

Iná kò sí láti àárọ̀. Fóònù mẹ́rin péré ni mo tún ṣe.

Bàbá Ọmọ́bọ́lá wọlé lọ́sàn-án, páálí kan wà lábíyá rẹ̀. Bàbá yìí wa ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ìbàdàn sí Jẹ́bà, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìsẹ́yìn níbí. Etí rẹ̀ ti di. Ariwo la máa ń pa lẹ́bàá etí òsì kó tó mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ó ṣí páálí: ọkọ̀ ojú irin kékeré, wọ́n ṣe é bí irú ńlá tí ń lo epo dísẹ́lì, kò gùn ju ìnà ọwọ́ kan lọ. Ojú irin rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣèyí ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ń rìn o, ṣùgbọ́n kò ní ohùn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Odi – nínú ọkàn mi ni o.

Ohun pẹlẹbẹ méjì tún wà nísàlẹ̀ páálí, wáyà wẹ́wẹ́ lára wọn. Dikóódà ni wọ́n ń pè é. Mo ní, "Bàbá, ti tẹlifíṣàn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn ẹ́ńjìnì gidi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Tí èèyàn bá jó o mọ́ inú ọkọ̀, ọkọ̀ á máa ké bí ti ńlá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Etí ọ̀tún ti lọ. Òsì náà ń lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí etí tó di pátápátá."

Mo gbà á. N kò ṣe irú rẹ̀ rí. Kí ló tiẹ̀ ń ṣe mí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Mo tú Odi. Áà! Mọ́tò kan láàárín, irin wúwo tó gbé e dúró kó má baà fò lójú irin, jíà wẹ́wẹ́ bí eyín ọmọ ọwọ́. Kò sí ibi kankan tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ṣeré. N kò mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo kí i kú iṣẹ́, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Mo ka ìwé tó bá dikóódà wá títí ojú fi ń ta mí. Wáyà pupa àti dúdú á gba iná lójú irin. Èyí aláwọ̀ ọsàn àti eléérú á lọ sí mọ́tò. Iná ojú irin kò gbọdọ̀ kan mọ́tò ní tààrà láéláé; ọ̀dọ̀ dikóódà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dikóódà jó. Mo fi máákà kọ ọ́ sára ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Ó jó.

Èéfín tín-ín-rín, bí ẹni pé ẹnìkan mu sìgá nínú rẹ̀. Ìdí mọ́tò ló kan irin wúwo yẹn, irin sì ń gba iná láti ojú irin. Mo kọ ọ́ sí ògiri, n kò fi mítà wò ó. Ìkánjú. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

N kò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Mo lọ sílé Bàbá. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo rẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti jó ọ̀kan. Ó kà á. Ó ká a. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dún 1979, òun gbàgbé láti wo ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì ńlá sì kú mọ́ àwọn lọ́wọ́ nínú igbó. Òun rò pé wọ́n á lé òun. Ọ̀gá òun kàn bi òun pé, "Ṣé o ti mọ ibi tó ti wá?" Òun ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Ìwọ ni n ó máa ní kó wo ọ́ìlì láti òní lọ. Ìwọ nìkan ló dá mi lójú pé kò ní gbàgbé mọ́."

Ó fi dikóódà kejì lé mi lọ́wọ́. "Ó yá, Ẹnjiníà."

Ẹnjiníà! Èmi Misturat. Mo ti ilé Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù, n kò rí ọ̀nà dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

Lẹ́yìn Jímọ̀. Mo yọ mọ́tò, mo fi téèpù aláwọ̀ ìyeyè tí iná kì í gbà kọjá, èyí tí mo ń lò fún fóònù, wé gbogbo ìdí rẹ̀. Mo fi mítà wò ó. Mítà dákẹ́: iná kò kan irin wúwo mọ́. Mo tún un wò. Ó dákẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́ mítà lè dùn tó báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Kò sáyè nínú Odi fún sípíkà tí ohùn á gbà jáde. Ọjọ́ méjì ni mo fi fáìlì ha irin yẹn, ọwọ́ mi ti bó. Nígbẹ̀yìn, mo yọ sípíkà inú fóònù kan tó ti kú, pẹlẹbẹ ni. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀fọn. Mo wá gé ike, mo fi kọ́ àpótí kékeré sí i lẹ́yìn, mo fi gúlúù dí gbogbo etí rẹ̀ pa. Ohùn kan náà ki! Afẹ́fẹ́ tí mo há mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí wù mí.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Ó KÉ.

Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí àgbàlagbà tó ń jí lójú oorun. Tàjúdéènì tó ń hun aṣọ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi dá òfì dúró, ó yọjú, ó ní tírélà ta ni wọ́n gbé síbí yìí. Mo nawọ́ sí orí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sí i, ó pariwo "Súbúhánálláhì!" Kò padà sídìí òfì fún bí wákàtí kan.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mo gbé e lọ. Àǹtí Ọmọ́bọ́lá, tó jẹ́ tíṣà, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé; ó ti tẹ́ ojú irin sórí tábìlì. Mo tan án. Àǹtí pàtẹ́wọ́. Ọmọ aládùúgbò sáré wọlé.

Bàbá ń wo ẹnu wa. Ó ní, "Ṣé ó ti ń ké?"

Mo gbé ohùn rẹ̀ dé òpin. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó gbọ̀n mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣe é dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi kí ara má baà tì mí. N kò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Àǹtí Ọmọ́bọ́lá gun ọ̀kadà wá pè mí. Kò ṣàlàyé, ó ní kí n sáà máa bọ̀.

Mo bá Bàbá nídìí tábìlì, sukurudíráfà gígùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹnu sukurudíráfà náà lé orí ọkọ̀, ó fi ìdí irin náà ti egungun ẹ̀yìn etí òsì. Ó ti pa ojú dé. Ó ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn bá fẹ́ mọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnì. Òun kò mọ ohun tó jẹ́ kí òun rántí rẹ̀ lóru àná.

Ó ní, "Mo ń gbọ́ ọ."

N kò gbà á gbọ́. Mo fi ohun tí a fi ń darí ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn mi, mo yí i sókè lẹ́ẹ̀kan. Bàbá na ìka kan. Mo tún yí i. Ó na ìkejì. Mo pa á, ó sì ká ìka rẹ̀ padà.

N kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n tí fóònù kò bá dún, a kì í kàn sọ pé sípíkà ti kú. A máa ń wò ó bóyá ibi tí ohùn ń gbà jáde ló dí. Ohun tí mo sọ fún Àǹtí nìyẹn. Bí egungun bá ń gbọ́, ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún kò tíì kú. Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ọdún mẹ́fà nìyí, gbogbo àwọn ti gbà pé ariwo ẹ́ńjìnì ló jẹ etí náà, àwọn kò gbé e lọ síbì kankan.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé

Bàbá àti Àǹtí ti ọ̀dọ̀ dókítà etí dé láti Ìbàdàn. Dókítà fi irin kan tó ń gbọ̀n ti orí Bàbá. Etí ọ̀tún kò ní àtúnṣe. Ti òsì, egungun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló gan, ohun tó ń gbọ́rọ̀ gan-an ṣì ń ṣiṣẹ́! Wọ́n á ṣe ẹ̀rọ kan tí á máa dè mọ́ egungun ẹ̀yìn etí. Dókítà bi í léèrè ta ló kọ́kọ́ fura. Àǹtí ní Bàbá ní, "Ẹnjiníà mi ni." Irọ́ ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló rí i.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ di mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Ó dé. Bẹ́líìtì rírọ̀ kan báyìí, Bàbá dè é mọ́ orí. Mo tan ọkọ̀.

Ó tẹ́tí títí. Ó ní, "Kì í ṣe ọkọ̀ tèmi nìyí."

Ẹ̀rín pa mí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀gàn o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wọ́ ẹrù kì í fò bí ewúrẹ́. Ẹ́ńjìnì á kọ́kọ́ bú ramúramù, yóò pẹ́ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á wá yí. Mo yí nọ́ńbà inú dikóódà tó ń pinnu ìgbà tí kẹ̀kẹ́ á yí padà. Ó ní rárá. Mo tún yí i. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, fún un láyè sí i." Ìgbà kẹta, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún mi orí. Ọdún mẹ́fà nínú ìdákẹ́jẹ́, kò gbàgbé bí ó ti yẹ kó pẹ́ tó! Kí Ọlọ́run fún èmi náà ní irú ọpọlọ yẹn.

Àǹtí Ọmọ́bọ́lá wá pariwo sí Bàbá láti ilé ìdáná pé, "Ẹ ó jẹun báyìí, àbí kí n dúró?"

Bàbá dìde. Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ìyá Ọmọ́bọ́lá?"

Ọdún kẹsàn-án nìyí tí ìyá Ọmọ́bọ́lá ti ṣaláìsí.

Àǹtí jáde tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó. Ó wá pa ojú dé.

"Ohùn rẹ ti di ti ìyá rẹ. Ìgbà wo ló di ti ìyá rẹ? Tún un sọ."

Àǹtí tún un sọ. Bàbá ní kó tún un sọ. Omijé ti ń bọ́ lójú Àǹtí, síbẹ̀ ó ń bi í pé ṣé á jẹun báyìí àbí kí òun dúró.

Ọkọ̀ ṣì ń yí lórí tábìlì, ó ń kùn. Mo rọra pa á, kí Bàbá lè gbọ́ ọ dáadáa.